Bí Fásitì Ṣe Lè Bu Iyì fún Ẹni Tó Mọ Ọmọ Kọ́

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìgbéga ní fásitì kan tí n kò ní dárúkọ. Fáìlì méjì wà lórí tábìlì. Ẹni tó ni èkíní ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní kẹ́místírì, wọ́n lé ní 600. Mo mọ obìnrin náà. Bó bá ń kọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn tí kò ríbi jókòó á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọn ò ní lọ. Àwa tá a máa ń gba àwọn ọmọ yẹn lọ́dún kejì máa ń dá àwọn tó ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá mọ̀: wọ́n ń béèrè ìbéèrè. Ẹni tó ni fáìlì kejì kì í wọ kíláàsì rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ní sẹ̀mẹ́sítà kan, ṣùgbọ́n pépà ìwádìí tó tẹ̀ jáde pé iye tí òfin ìgbéga béèrè. Ti obìnrin náà ku méjì. A gbé ọkùnrin náà ga, a ní kí obìnrin náà lọ tún wá.

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá yẹn tó kórìíra ìkọ́ni. Pépà ṣeé kà lóókan, léjì. Ìkọ́ni kò ṣeé kà. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè nípa ìkọ́ni, iye ọdún tí kálukú ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀, máàkì àwọn méjèèjì sì dọ́gba. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí, torí èmi náà fọwọ́ sí i.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún gíwá, fún dín, fún olórí ẹ̀ka, àti fún olùkọ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé àwọn tó mọ ọmọ kọ́ pọ̀ ní fásitì wa, àmọ́ iṣẹ́ wọn kì í dé ibi tí ìgbìmọ̀ ti lè rí i. Kí ẹ tó ronú kan owó tàbí àmì ẹ̀yẹ, ẹ kọ́kọ́ wá bí ẹ ó ṣe máa rí iṣẹ́ náà. (Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò rọ́pò owó oṣù tó yẹ kí olùkọ́ máa gbà. Ẹni tí ebi ń pa kò ní ráyè fún fáìlì. Ìjà ọ̀tọ̀ nìyẹn, ó sì tọ́ kí a máa jà á.)

1. Ẹ yẹ fọ́ọ̀mù ìgbéga yín wò

Ẹ kó fáìlì 20 tó dé ọwọ́ ìgbìmọ̀ gbẹ̀yìn jọ, ẹ bo orúkọ tó wà lórí wọn, kí ẹ sì wo máàkì ìkọ́ni nìkan. Bí gbogbo wọn bá gba máàkì kan náà, tàbí tí ìyàtọ̀ wọn kò ju ọ̀kan tàbí méjì lọ, ẹ mọ̀ pé ìlà yẹn ti kú. Ó wà lórí fọ́ọ̀mù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pinnu nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá bi ara yín ní ìbéèrè méjì. Nínú àwọn tí a dá padà, ta ni a dá padà torí pé kò kọ́ ọmọ dáadáa? Nínú àwọn tí a gbé ga, ta ni a gbé ga torí pé ó kọ́ wọn dáadáa? Níbi tí mo ti béèrè é, ìdáhùn méjèèjì ni pé kò sí. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni èyí, kò ná kọ́bọ̀. Ẹ gbé èsì rẹ̀ lọ síwájú Sẹ́nétì, ìgbìmọ̀ tó ga jù lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní fásitì, bó ṣe wà, láìfi ìwàásù kún un. Mo ti rí ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ yìí, tó wá dákẹ́ nígbà tó rí ìlà náà pé máàkì kan ṣoṣo ló ń tún ara rẹ̀ sọ láti òkè dé ilẹ̀.

2. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ máa wọ kíláàsì ara wọn

Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà nìyí, èmi náà ó sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dá kọ́lẹ́jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, oyè Fásitì London ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń gbà, títí di 1962 tó fi dá dúró. Látìgbà náà ni a ti gbà pé kí ará ìta máa wá yẹ ìdánwò wa wò. Títí di òní, fásitì a ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n láti ìlú mìíràn, á fún un ní yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, á kó ìwé ìdánwò síwájú rẹ̀. Àmọ́ olùkọ́ kan lè lo ọgbọ̀n ọdún níwájú pátákó láìjẹ́ pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo rí i níbi tó ti ń kọ́ni. Ohun tó gbẹ̀yìn iṣẹ́ là ń yẹ̀ wò, a kì í wo iṣẹ́ náà.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Kí olórí ẹ̀ka pín àwọn olùkọ́ ní méjì-méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ̀mẹ́sítà. Kí ẹnì kìíní wọ kíláàsì ẹnì kejì lẹ́ẹ̀méjì, kí ẹnì kejì sì ṣe bákan náà. Kí wọ́n jọ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó di ọjọ́ náà, kí ẹni tó fẹ́ kọ́ni sọ ohun tó fẹ́ kí àlejò rẹ̀ bá òun ṣọ́: ṣé àwọn tó wà lẹ́yìn ń gbọ́ mi? Ṣé mo ń yára jù? Ṣé àwọn ọmọbìnrin náà ń dáhùn?

Nínú kíláàsì, àlejò ò gbọdọ̀ kọ ìdájọ́ sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kó kọ, pẹ̀lú aago: aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje, ó kọ ìlànà sójú pátákó, kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, àwọn mẹ́rin lẹ́yìn mú fóònù jáde, kọjá ìṣẹ́jú ogún, ó béèrè ìbéèrè, òun náà ló dáhùn. Bí wọ́n bá tún jókòó, kó má kọjá ọjọ́ méjì, ẹni tó kọ́ni ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kí wọ́n mú ohun kan tó yẹ kó máa bá a lọ àti ohun kan tó yẹ kó yí padà. Kí ó mọ síbẹ̀. Ojú ìwé kan tí àlejò kọ, ẹni tí wọ́n bẹ̀ wò ló ni ín. Kò gbọdọ̀ dé ọ́fíìsì dín àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́.

Nílẹ̀ wa, ọjọ́ orí àti ipò kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fojú fò. Bí ẹ bá ní kí olùkọ́ kékeré lọ wo ọ̀gá rẹ̀, ìyìn nìkan ni ẹ ó gbọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àgbà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí mo jẹ́ olórí ẹ̀ka, kíláàsì tèmi ni mo kọ́kọ́ pe èèyàn sí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì ní físíìsì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ sì jókòó lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kejì, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ kí n wọlé. Ẹ má bínú sà, ìbéèrè mẹ́fà ni ẹ bi wọ́n, ẹ̀yin náà lẹ sì dáhùn márùn-ún.”

Inú bí mi díẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ sílé, mo sì rò ó títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo béèrè ìbéèrè kan, mo ka oókan dé ẹẹ́wàá nínú mi kí n tó la ẹnu. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gùn lójú mi bí ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka dé ẹẹ́jọ, ọmọbìnrin kan tí n kò gbóhùn rẹ̀ rí nawọ́ sókè lẹ́yìn. Ogún ọdún ni mo ti fi ń kọ́ni nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó tíì sọ ọ́ fún mi.

Ẹ ó bi mí pé kí ni àlejò ń wá gan-an. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe. Ní 2014, Scott Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí 225 jọ lórí ìkọ́ni sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò ní fásitì. Níbi tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀, nǹkan bí 34 nínú 100 ló ń fìdí rẹmi. Níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì, ó wálẹ̀ sí nǹkan bí 22. Èyí kò béèrè ẹ̀rọ olówó ńlá. Eric Mazur, ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní Harvard, sọ ọ̀nà kan di mímọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, èmi sì ń lò ó nínú gbọ̀ngàn tí iná kì í sí. Mo kọ ìbéèrè sójú pátákó: ife omi kan àti garawa omi kan, ìwọ̀n ìgbóná wọn dọ́gba, èwo ló gba ooru jù kó tó gbóná dé bẹ̀? Bó bá jẹ́ ife, ẹ na ìka kan. Bó bá jẹ́ garawa, ìka méjì. Bí ẹ bá gbà pé wọ́n dọ́gba, ìka mẹ́ta. Ìka mẹ́ta máa ń pọ̀ gan-an. Mo wá ní kí kálukú yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n jọ yẹ̀ ẹ́ wò fún ìṣẹ́jú méjì, Yorùbá o, Gẹ̀ẹ́sì o, Pidgin o, èyí tó bá yá wọn lẹ́nu. Ariwo á sọ. Ẹnì kan á ní, “Ìwọ tí o máa ń gbé omi ìwẹ̀ kaná, ṣé bó ṣe ń pẹ́ tó nìyẹn bí o bá ń po tíì?” Bí wọ́n bá tún na ìka, ìka méjì á ti pọ̀ jù. Àlejò tó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì ẹnì kan ti rí ohun tó yẹ kí ìgbìmọ̀ ìgbéga gbọ́.

Bó bá wá kan ìgbéga, ìbẹ̀wò ọ̀tọ̀ ni kí ẹ ṣe. Ẹ má fi ìbẹ̀wò ìrànlọ́wọ́ ṣe ìdájọ́ láé, torí lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan ni àwọn olùkọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré ìtàgé fún àlejò. Kí èèyàn méjì wá fún ti ìgbéga, kí ọ̀kan jẹ́ ará ẹ̀ka mìíràn, kí wọ́n wá lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún méjì, kí wọ́n sì kọ lẹ́tà tí ẹni náà máa kà kó tó dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀.

3. Fáìlì ìkọ́ni, kó má ju ojú ìwé mẹ́fà lọ

Olùkọ́ tó bá fẹ́ ìgbéga ti mọ bí a ṣe ń kó pépà jọ. Kó máa kó ti ìkọ́ni náà jọ, àmọ́ ẹ fi gbèdéke sí i. Mo ti rí fáìlì ìkọ́ni olójú ewé ọgọ́rin tó kún fún ìwé ẹ̀rí àpérò. Kò sẹ́ni tó kà á.

Ohun tí mo máa fẹ́ rí níbẹ̀ ni ètò kọ́ọ̀sì kan bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe wà báyìí, pẹ̀lú ìdí tí ó fi yí i padà. Ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá mẹ́ta tí olùkọ́ ti kọ ọ̀rọ̀ sí, ọ̀kan tó dára, ọ̀kan tó wà láàárín, ọ̀kan tó burú, kí a lè rí ohun tó sọ fún ọmọ tó fìdí rẹmi. Lẹ́tà àwọn tó wá bẹ̀ ẹ́ wò. Àti ojú ìwé kan nípa ohun tí kò yọrí sí rere. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mo máa ń kà jù. Ẹni tó bá lè sọ pé, “Ìdajì kíláàsì mi gbé e gba ibòmíràn lọ nínú ìbéèrè kẹta, mo wá rí i pé àpẹẹrẹ mi ló ṣì wọ́n lọ́nà, ohun tí mo sì ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e nìyí,” ẹni náà ń ṣiṣẹ́.

Ẹ ka iṣẹ́ kíkọ ètò ẹ̀kọ́ tuntun mọ́ ọn. Nínú CCMAS, ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó fásitì, gbé jáde ní 2022, ìdá 70 nínú 100 ló jẹ́ dandan fún gbogbo fásitì, wọ́n sì fi ìdá 30 yòókù lé fásitì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Ẹnì kan ló ń jókòó kọ ìdá 30 yẹn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kò sí orúkọ rẹ̀ lórí rẹ̀, kò sì sí máàkì kankan fún un.

4. Ẹ gbọ́ tẹnu akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ máa bi wọ́n

Ọ̀pọ̀ fásitì ti ń pín fọ́ọ̀mù fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìparí sẹ̀mẹ́sítà, tí wọ́n á ní kí wọ́n fún olùkọ́ ní máàkì láti 1 dé 5. Ẹ má gbé ìgbéga ka orí máàkì yẹn. Ní 2017, Bob Uttl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbogbo ìwádìí àtẹ̀yìnwá lórí rẹ̀ ṣàyẹ̀wò, wọ́n sì rí i pé kò sí àjọṣe kan gbòógì láàárín máàkì tí akẹ́kọ̀ọ́ fún olùkọ́ àti ohun tí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2015 ní Amẹ́ríkà lo kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọkùnrin kan àti obìnrin kan ti pààrọ̀ orúkọ ara wọn. Orúkọ ọkùnrin ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ní máàkì tó ga jù, ẹni yòówù kó máa kọ́ wọn gan-an. Kí àwọn obìnrin tó ń kọ́ni ní fásitì wa ka gbólóhùn yẹn, wọ́n á sọ fún yín bóyá ó yà wọ́n lẹ́nu.

Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún fásitì ní wúrà, fàdákà àti idẹ lórí ìkọ́ni ní 2017, ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́, iye àwọn tó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, iye àwọn tó ríṣẹ́ àti àlàyé tí fásitì fúnra rẹ̀ kọ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Wọn ò rán ẹnikẹ́ni lọ sí kíláàsì. Ẹ má jẹ́ ká lọ há sójú kan náà.

Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mọ nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí ojú wọn rí. Ẹ̀ẹ̀melòó ni olùkọ́ wá lóṣù tó kọjá? Ṣé ẹ ti gba ìwé ìdánwò kékeré yín padà, ṣé ó sì kọ nǹkan sí i yàtọ̀ sí máàkì? Ibo lọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ yín lójú? Ṣé wọ́n fipá mú yín ra handout? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì, torí ẹni tó ń ta handout tó sì ń fi máàkì sílẹ̀ bí omi lè jẹ́ ààyò kíláàsì.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni kí ẹ bi wọ́n, nígbà tí àyípadà ṣì lè ṣe àwọn gan-an láǹfààní. Kí wọ́n má kọ orúkọ. Olùkọ́ kọ́ ló máa gba ìwé náà, kì í sì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ aṣojú kíláàsì, tí gbogbo ayé mọ̀ pé òun ló ń bá olùkọ́ gbé báàgì. Ẹ rán òṣìṣẹ́ láti ẹ̀ka mìíràn. Ẹ̀rù ń ba àwọn ọmọ wa, ẹ̀rù náà sì nídìí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí olùkọ́ padà síwájú wọn kó sọ pé: “Ẹ ní mo ń pa pátákó rẹ́ kí ẹ tó kọ ọ́ tán. Láti òní, ìdajì apá òsì kò ní parẹ́ títí kíláàsì á fi parí.” Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí i pé ọ̀rọ̀ òun so èso lẹ́ẹ̀kan á sọ òtítọ́ nígbà mìíràn.

5. Ẹ ka orí, ẹ ka wákàtí

Lórí ìwé, kọ́ọ̀sì yúnìtì mẹ́ta tó ní akẹ́kọ̀ọ́ 30 àti kọ́ọ̀sì yúnìtì mẹ́ta tó ní akẹ́kọ̀ọ́ 500 jẹ́ iṣẹ́ kan náà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ìwé ìdánwò kan bá gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti máàkì, 30 jẹ́ wákàtí márùn-ún. 500 jẹ́ wákàtí 83, ìyẹn ju ọ̀sẹ̀ méjì gbáko tí èèyàn ń fi wákàtí mẹ́jọ ṣiṣẹ́ lóòjọ́. Inú irú wákàtí bẹ́ẹ̀ ni pépà obìnrin tí mo sọ lókè yẹn rì sí.

Ìlànà NUC ní kí olùkọ́ kan wà fún akẹ́kọ̀ọ́ 20 ní sáyẹ́ǹsì, 30 ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà, 10 ní ìṣègùn. Gbogbo wa la mọ ohun tó wà nílẹ̀. Títí ìjọba á fi gba èèyàn síṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ìṣirò iṣẹ́ sọ òtítọ́. Àbá tèmi ni pé fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ 100 tó bá lé lórí 100 àkọ́kọ́, ẹ ka wákàtí kan kún iṣẹ́ olùkọ́ náà lọ́sẹ̀. Ẹni tó ní 500 á ti ní wákàtí mẹ́rin lórí èyí tó ń kọ́. Ẹ wá yọ ọ́ kúrò nínú ìgbìmọ̀ kan tàbí méjì, tàbí kí ẹ fún un ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé méjì tí wọ́n á bá a máàkì, tí ẹ ó sì sanwó fún wọn.

Kí ni ó gbẹ̀yìn obìnrin náà? Ó kọ̀wé pé òun kò kọ́ ọdún kìíní mọ́. Kò sẹ́ni tó lè dá a lẹ́bi. Ó wá àyè, ó kọ pépà méjì tó kù, ó gba ìgbéga rẹ̀. Àwọn ọmọ 600 bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè, tí kò tíì dúró níwájú kíláàsì rí. Fásitì náà ló kọ́ ọ pé kó sá fún àwọn ọmọ yẹn.

6. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé

Níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì àti nọ́ńbà kọ́ọ̀sì ni wọ́n fún mi. Mo kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, ìyẹn ni pé mo ka ìwé sí wọn létí.

Ẹ fún ẹni tuntun ní kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́. Kó jókòó nínú kíláàsì olùkọ́ mẹ́ta tó dáńgájíá kó tó kọ́ tirẹ̀. Kí àgbà kan bá a ka ìbéèrè ìdánwò rẹ̀ kó tó lọ síbi ìtẹ̀wé. Ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ fásitì kò jìnnà sí wa: Fásitì Ìbàdàn wà lára àwọn fásitì Áfíríkà tó ń ṣe ètò PedaL, tí wọ́n ń darí láti Nairobi, tó ń kọ́ olùkọ́ fásitì bí a ṣe ń kọ́ni. Bí ẹ bá rán èèyàn lọ, ẹ rán méjì láti ẹ̀ka kan náà. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá padà dé pẹ̀lú ìmọ̀ tuntun á gbàgbé rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Àwọn méjì á máa rán ara wọn létí.

7. Ohun èlò

Kí ẹ tó ra pátákó oníná tó máa bàjẹ́ lọ́dún kejì, ẹ ra máìkì. Olùkọ́ tó ń pariwo fún wákàtí méjì níwájú 400 èèyàn kò lè ka oókan dé ẹẹ́wàá, kò lè gbọ́ ìdáhùn. Máìkì méjì, ọ̀kan fún òun, ọ̀kan tí á máa kiri láàárín ìjókòó. Bátìrì rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tàbí máàkà tí kò ní jẹ́ pé owó àpò olùkọ́ ló ń rà á. Ó tó bẹ́ẹ̀.

8. Ẹ jẹ́ kí ìwádìí nípa ìkọ́ni jẹ́ ìwádìí

Àwọn kan á ní iṣẹ́ ìkọ́ni kì í ṣe ìmọ̀ tuntun. Ẹ rán wọn létí Ifẹ̀. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fásitì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí olọ́dún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn yòókù. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn mìíràn fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà náà. Àwọn tó fi Yorùbá kàwé títí dópin ṣe dáadáa ju àwọn kejì lọ. Títí di òní, bí àwọn onímọ̀ bá ń jiyàn nípa èdè ìkọ́ni, wọ́n sábà máa ń dárúkọ Ifẹ̀. Kíláàsì ni yàrá ìwádìí wọn.

Ní Amẹ́ríkà, ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, Ernest Boyer, ààrẹ àjọ Carnegie tó ń rí sí ìlọsíwájú ìkọ́ni, ní iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé pín sí ọ̀nà mẹ́rin: ṣíṣe àwárí, síso ìmọ̀ pọ̀, lílo ìmọ̀, àti kíkọ́ni. Fásitì tó bá fẹ́ lè kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé pépà tó dára lórí bí a ṣe ń kọ́ físíìsì ní máàkì kan náà pẹ̀lú pépà lórí físíìsì. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kìlọ̀ fún yín: ẹ má sọ ọ́ di dandan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ ọmọ kọ́ jù kò fẹ́ kọ nǹkan nípa rẹ̀, ó sì yẹ kí fáìlì olójú ewé mẹ́fà tó fún wọn.

9. Kí òfin yí, kí ìyìn tó dé

Gbogbo èyí á di asán bí òfin ìgbéga kò bá yí. Ẹ fi ààlà sí i: ẹnikẹ́ni tí ẹ̀rí ìkọ́ni rẹ̀ kò bá dé ìwọ̀n tí a fẹ́, kò lè ga, bí pépà rẹ̀ tilẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún. Ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn kejì, kí ẹni tí ìkọ́ni rẹ̀ ta yọ lè fi pépà díẹ̀ dé ipò olùkọ́ àgbà. Èkíní le ju èkejì lọ láti gbà, ṣùgbọ́n òun ló máa yí ìwà padà, torí àwọn tí kì í wọ kíláàsì lọ́rọ̀ náà kàn jù.

Àwọn baba wa ní yinniyinni, kẹ́ni ó ṣèmíràn. Ẹ̀bùn olùkọ́ tó dára jù dára, ṣùgbọ́n ẹnì kan ló ń gbà á lọ́dún, ìdìbò ló sì máa ń dà. Lẹ́tà láti ọwọ́ dín tó dárúkọ ohun kan pàtó tí olùkọ́ ṣe, tí ẹ̀dà rẹ̀ sì wọ fáìlì rẹ̀, ṣiṣẹ́ ju ife àmì ẹ̀yẹ lọ. Mo ní ọ̀kan. Ọdún 2009 ni wọ́n kọ ọ́ sí mi, mo ṣì mọ ibi tó wà.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀mẹ́sítà yìí

Ẹ má dúró de Sẹ́nétì. Ẹ̀ka kan tó ní olùkọ́ mẹ́jọ lè bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí olórí ẹ̀ka pe èèyàn méjì sí kíláàsì tirẹ̀, kó sì sọ ní ìpàdé ohun tí wọ́n sọ fún òun, èyí tó dùn àti èyí tí kò dùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ pín ara yín ní méjì-méjì. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ìbéèrè fún akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìdáhùn níwájú wọn. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ìbẹ̀wò kejì. Bí ìyanṣẹ́lódì bá dá ètò dúró, bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ ní 2022, tí wọ́n sì kó iṣẹ́ sẹ̀mẹ́sítà sínú ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ fi ohun gbogbo sílẹ̀ kí ẹ mú ìbẹ̀wò kan ṣoṣo, kí òkùn má já.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún, kí kálukú mú ojú ìwé kan wá sí ìpàdé ẹ̀ka nípa ohun kan tó yí padà nínú kíláàsì rẹ̀ àti ohun tó rí. Kí a kà á sókè. Kí ọ̀jọ̀gbọ́n tó dàgbà jù kọ́kọ́ ka tirẹ̀, kí akọ̀wé ìpàdé sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀, torí àkọsílẹ̀ yẹn ni olórí ẹ̀ka máa mú dání lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìgbéga.